Katakata àtijọ́ tó ti dúró pẹ́: ohun tẹ́ ẹ máa bá nínú rẹ̀

Ẹ ní ẹ ti ra katakata dísù àtijọ́ tó ti dúró gbẹ láti ọdún mọ́dún, ẹ sì fẹ́ mọ ohun tẹ́ ẹ máa bá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi ọkọ̀ fà á kó lè ta o. Òjò tó gba ẹnu sàlẹ́ńsà wọlé máa ń jẹ́ kí rìngì písítìn dípẹtà mọ́ ara sílíńdà. Bẹ́ ẹ bá fipá fà á, rìngì á fọ́ tàbí kí kọ́ńrọ́ọ̀dù (irin tó so písítìn mọ́ kráńkì) tẹ̀. Ẹ tú gbogbo nọ́ọ̀sù tó ń fọ́n dísù sí sílíńdà, ẹ po ATF (ọ́ìlì jíà ọkọ̀ ọtomátíìkì) mọ́ acetone ní ìdọ́gba (ó ń gbaná o), ẹ rọ ṣíbí bíi mẹ́ta sí sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ fi sípánà gígùn mú nọ́ọ̀tì púlì iwájú, ẹ máa yí i síwá-sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Bó bá tú, ẹ yí i dáadáa kí omi yẹn jáde tán kẹ́ ẹ tó dá nọ́ọ̀sù padà.

Bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bá rí bíi tíì oní-mílíìkì, omi ti wọ̀ ọ́. Gásíkẹ́ẹ̀tì orí nìkan kọ́ ló ń ṣe é. Rọ́bà ìsàlẹ̀ láínà (ọ̀pá irin tí písítìn ń lọ bọ̀ nínú rẹ̀) náà máa ń jẹrà. Ẹ tú pánù ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ẹ rọ omi kún rẹdiétọ̀, ó di ọjọ́ kejì, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́. Bó bá ń kán lẹ́sẹ̀ láínà, rọ́bà ni.

Ẹ fọ táńkì dísù, ẹ pààrọ̀ fíltà rẹ̀, ẹ sì lé afẹ́fẹ́ jáde lójú ọ̀nà dísù: láti skúrù orí fíltà, dé ara páńpù tó ń ti dísù sí nọ́ọ̀sù, kẹ́ ẹ tó parí ẹ̀ lẹ́nu nọ́ọ̀sù.

Ibi tó léwu jù ni páńpù yẹn. Bí ọ̀pá tó ń díwọ̀n dísù nínú rẹ̀ bá ti gan níbi tó ti ṣí sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì á ta, á sì máa sáré kọjá ààlà. Ẹ fa ọwọ́ tó ń pa á títí, kò ní gbọ́. Bí ìdérí bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páńpù, ẹ ṣí i, ẹ fìka ti ọ̀pá náà. Ó gbọ́dọ̀ lọ kó sì bọ̀ wẹ́rẹ́. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tó máa kọ́kọ́ ta, kẹ́nì kan mú pátákó pẹlẹbẹ dúró ti ibi tó ń fa afẹ́fẹ́, kó lè dí i pa. Ọwọ́ kọ́ o!

Bí jíà bá ń ké bẹ́ ẹ ti tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, díìsì kílọ́ọ̀ṣì ti lẹ̀ mọ́ fulawíìlì (irin ńlá tó ń yí lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì). Ẹ fi igi ti pẹ́dà mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Bí kò bá tú, ó di ká pín katakata sí méjì. Bó bá dé bẹ́ẹ̀, ẹ pààrọ̀ bíárìn kílọ́ọ̀ṣì àti síìlì ẹ̀yìn kráńkì (tó ń dí ọ́ìlì) pọ̀, wọn ì báà ṣì dára.

Owó táyà ẹ̀yìn lè já yín láyà. Ẹ yẹ ríìmù wò níbi fáàfù, torí omi oníyọ̀ tí wọ́n ń rọ sínú táyà kó lè wúwo máa ń jẹ irin níbẹ̀. Ọ̀dà ńkọ́? Ó di ìgbà tí ọ́ìlì ò bá jò níbì kankan mọ́.