Ṣé ó tó kí n kàn fi àkísà tútù nu tábìlì tí ẹni tó ń bì, tó sì ń yàgbẹ́ gbuuru, lò?

Rárá o, kò tó. Ṣe ni àkísà á kàn kó kòkòrò àrùn kiri. Àwọn mìíràn sì lè wà láàyè fún oṣù mélòó kan lórí ibi gbígbẹ. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, torí ìdọ̀tí máa ń dín agbára blíìṣì kù. Lẹ́yìn náà, ẹ bu ife 1 blíìṣì tí wọ́n kọ 5% sára ike rẹ̀ sínú ife omi 9, kẹ́ ẹ fi nu ún, kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ tún fi nu ọwọ́ ilẹ̀kùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da ásíìdì mọ́ blíìṣì láé, gáàsì olóró ló máa jáde!