Kọ̀ǹpútà mẹ́jọ falẹ̀ ju mẹ́rin lọ: ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì la máa pààrọ̀ ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ kan l'Àjàṣẹ́ so àlòkù kọ̀ǹpútà mẹ́jọ pọ̀ mọ́ switch kan (àpótí tó ń pín ọ̀rọ̀ láàárín àwọn kọ̀ǹpútà), wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì lásán la lò, ká lè ṣírò bí odò Ouémé ṣe ń kún bo oko. Mẹ́rin yára ju ẹyọ kan lọ dáadáa, àmọ́ mẹ́jọ falẹ̀ ju mẹ́rin lọ. Ṣé ká dáwó ra irú nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí Frontier, kọ̀ǹpútà ńlá Amẹ́ríkà, ń lò ni?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ má tíì dáwó. Irú iṣẹ́ tí ẹ gbé fún wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí èèyàn mẹ́jọ bá ń bó ẹ̀gẹ́, tí kálukú ní agbọ̀n tirẹ̀, kò sóhun tí wọ́n fẹ́ bi ara wọn. Ìṣirò omi kò rí bẹ́ẹ̀. Omi tó kúrò ní apá tí kọ̀ǹpútà kan ń ṣírò, apá aládùúgbò rẹ̀ ló ń wọ̀. Ní gbogbo ìgbésẹ̀, wọ́n ní láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ààlà fún ara wọn kí wọ́n tó tẹ̀ síwájú. Nígbà tí mẹ́rin di mẹ́jọ, ìṣirò tó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan dín sí ìdajì, ṣùgbọ́n ààlà pọ̀ sí i, èyí tó lọ́ra jù ni gbogbo wọn sì ń dúró dè.

Wáyà gígábíìtì 1 ń gbé nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 125 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì tó yín. Ìdádúró ló ń jẹ àkókò yín. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ní láti gba inú Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, kọjá, kí wọ́n dà á kọ síbí, kí wọ́n dà á kọ sọ́hùn-ún. InfiniBand, irú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan tí wọ́n ṣe fún irú iṣẹ́ yìí, yọ gbogbo ìyẹn kúrò: káàdì rẹ̀ ń kọ ọ̀rọ̀ tààrà sínú mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà kejì, láàárín ìdá kan tàbí méjì nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá.

Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹ̀rọ ńlá fi ń náwó síbẹ̀. Fugaku ti Jàpáánì, tó wà nípò kìíní láyé lọ́dún 2020, kọ̀ǹpútà 158,976 ló so pọ̀. Inú chip rẹ̀ gan-an ni wọ́n kọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì Tofu sí. Ní Frontier, l'Amẹ́ríkà, kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní ojú mẹ́rin sí Slingshot, nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀, gígábíìtì 200 lójú kọ̀ọ̀kan. Wọ́n to àwọn switch rẹ̀ débi pé ọ̀rọ̀ tó gba ọ̀nà tó yá jù kì í gba ju wáyà mẹ́ta lọ láti switch sí switch. Iṣẹ́ ọpọlọ gidi ni, inú mi ń dùn sí i.

Ní tiyín, ẹ fi ethtool, àṣẹ Linux tó ń fi bí wáyà ṣe yára tó hàn, yẹ kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan wò. Wáyà kan tó bàjẹ́ lè wálẹ̀ sí mẹ́gábíìtì 100 dípò 1000 láìsọ fún ẹnikẹ́ni, á sì fa méje yòókù sẹ́yìn. Bó bá jẹ́ ọ̀já gígùn lẹ gé máàpù odò sí, ẹ gé e ní onígun mẹ́rin, ààlà á dín. Ẹ tún jẹ́ kí wọ́n máa gba ìlà méjì tó wà lẹ́nu ààlà lọ́wọ́ aládùúgbò lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n lè gbé ìgbésẹ̀ méjì kí wọ́n tó tún béèrè.

Bó bá sì jẹ́ oríṣiríṣi òjò lẹ fẹ́ dán wò, ohun tí mo máa ṣe rèé: ẹ gbé odò náà lódindi fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, kí kálukú ní òjò tirẹ̀. Wọn ò ní bá ara wọn sọ̀rọ̀ rárá, mẹ́jọ á sì ṣe iṣẹ́ mẹ́jọ.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, bí owó bá wà, ẹ wá àlòkù káàdì InfiniBand méjì àti wáyà kan. Wọ́n lè so kọ̀ǹpútà méjì pọ̀ láìsí switch, bí opensm, ètò tó ń darí nẹ́tíwọ́ọ̀kì InfiniBand, bá ṣáà ti ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀kan nínú wọn.