Ẹ̀tù Lásán Lè Pa Ènìyàn: Ìdáhùn fún Ẹni tó Fẹ́ Ya Fọ́tò Eré Ìrántí Ogun Waterloo

Ìbéèrè: Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́. London ni mo ń gbé, mo sì fẹ́ mú ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, lọ wo eré ìrántí ogun Waterloo, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń wọṣọ ọmọ ogun àtijọ́ tí wọ́n sì ń ṣe bí ẹni ń jà, ní Bẹ́ljíọ̀mù nínú oṣù Kẹfà. Mo ti ra kámẹ́rà tuntun, ṣùgbọ́n lẹ́ǹsì tó bá a wá kò gùn. Ṣé kí n ra lẹ́ǹsì gígùn ni, àbí kí n kàn sún mọ́ wọn? Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ẹ̀tù lásán ni wọ́n ń yìn, tí kò sí ọta nínú ìbọn, mo rò pé mo lè yọ́ kọjá okùn, kí n dùbúlẹ̀ sínú koríko níwájú àwọn ọmọ ogun, kí ẹnu ìbọn lè kọjú sí kámẹ́rà. Ìyára wo ni kí n fi kámẹ́rà sí kí iná ìbọn má baà bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ lẹ́ǹsì yóò dúró ná. Gbólóhùn kan wà nínú lẹ́tà yín tí mo ń rí léraléra, tó sì ń bí mi nínú, nítorí pé àwọn kan tí ń pe ara wọn ní olùkọ́ fọ́tò ń fi kọ́ àwọn ènìyàn: pé ìbọn tí kò ní ọta kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Irọ́ ni. Ẹ má ṣe yọ́ kọjá okùn, ẹ má ṣe dùbúlẹ̀ níwájú ìbọn, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ yín kọ́ irú àṣà bẹ́ẹ̀ lára yín.

Mo mọ ibi tí èrò náà ti ń wá. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti rí àwọn ọdẹ tí wọ́n ń yin ṣákábùlà níbi ìsìnkú àgbà ọdẹ, tí ìbọn ń dún lákọlákọ tí ẹnikẹ́ni kò sì fara pa. Ṣùgbọ́n òkè tàbí ilẹ̀ ni àwọn ọdẹ wọ̀nyẹn máa ń kọ ẹnu ìbọn sí, bí ọmọdé bá sì ṣèèṣì kọjá níwájú wọn, àwọn àgbà yóò jágbe mọ́ ọn. Ọmọ ìyá kan náà ni ṣákábùlà olókùúta àti ìbọn tí àwọn ọmọ ogun Napoleon, olú-ọba Faransé, àti ti Wellington, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, gbé ní Waterloo ní ọjọ́ 18, oṣù Kẹfà, ọdún 1815. Òkúta ìbọn yóò lu irin, ìtànṣán iná yóò já sínú àwo kékeré tí ẹ̀tù díẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí ìbọn, iná náà yóò sì gba ihò tín-ín-rín kan wọlé lọ bá ẹ̀tù gan-an tí a kì sínú ọ̀pá ìbọn.

Nínú ìdá 100 ẹ̀tù dúdú, bíi 75 jẹ́ saltpetre (irú iyọ̀ kan), 15 jẹ́ èédú, 10 yòókù sì jẹ́ imí ọjọ́. Nígbà tó bá jó, apá kan rẹ̀ á di afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ó ń wá ọ̀nà jáde pẹ̀lú agbára ńlá, èyí tó ju ìdajì lọ nínú ìwọ̀n rẹ̀ á sì di eérú wẹ́wẹ́, tí í ṣe èéfín funfun tí ẹ̀ ń rí. Bí kò tilẹ̀ sí ọta níwájú afẹ́fẹ́ yẹn, ẹnu ìbọn náà ló ṣì ń gbà jáde, pẹ̀lú hóró ẹ̀tù tí kò tíì jó tán, tí ó ń pọ́n bí ẹyin iná. Ẹni tó bá gbé ojú síbẹ̀ láti ibi tó sún mọ́ ọn lè fọ́jú. Bí ohunkóhun bá sì wà nínú ọ̀pá ìbọn náà, ìbáà ṣe bébà tí a fi dí ẹ̀tù tàbí ẹrẹ̀ tó kó sí ẹnu rẹ̀ nígbà tí ọmọ ogun ṣubú, nǹkan náà ti di ọta nìyẹn.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń jiyàn, kí ó lọ ka ìtàn Jon-Erik Hexum, òṣèré tẹlifíṣọ̀n ará Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1984, ó fi ìbọn tí kò ní ọta kankan nínú, ẹ̀tù àti ìdí bébà rẹ̀ nìkan, kan ẹ̀bátí ara rẹ̀, ó sì fà á ní eré. Agbára tó jáde níbẹ̀ fọ́ egungun orí rẹ̀ wọ inú ọpọlọ, ó sì kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ eré ogun fi kà á léèwọ̀ láti fa ọ̀pá ìkìbọn yọ lórí pápá, nítorí pé ọmọ ogun tí ara rẹ̀ gbóná lè gbàgbé rẹ̀ sínú ìbọn kí ó sì yìn ín jáde bí ọfà, ìdí náà sì nìyí tí wọ́n fi máa ń gbé ẹnu ìbọn ga kọjá orí ẹni tó wà níwájú wọn. Ẹ kíyè sí i dáadáa: kọjá orí ẹni tó dúró. Kò sí ẹni tó ń ṣírò ti ẹni tó dùbúlẹ̀ sínú koríko, àti pé ẹlẹ́ṣin tó ń sáré bọ̀ nínú èéfín kò ní rí i rárá.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹ̀tù inú àwo yóò jó, èyí tó wà nínú ìbọn kò sì ní gbiná. Ọmọ ogun náà lè má mọ̀, pàápàá nígbà tí ọgọ́rùn-ún ìbọn bá dún lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì gbé ìbọn tó ṣì kún jáde kúrò lórí pápá. Nítorí náà, bí eré bá parí, ẹ má sáré lọ bá wọn fún fọ́tò àjọyà títí àwọn ọ̀gá wọn yóò fi yẹ ìbọn gbogbo wò. Ti àgbá, ìyẹn ìbọn ńlá, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ẹyin iná lè kù sí ìdí rẹ̀ kí ó sì ran ẹ̀tù tuntun tí wọ́n ń kì bọ̀ ọ́. Ìyẹn ni wọ́n fi máa ń ki kànrìnkàn tútù bọ̀ ọ́ lẹ́yìn ìyìn kọ̀ọ̀kan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ̀ ń gbé, ẹnikẹ́ni kò lè ra ẹ̀tù dúdú láìní ìwé àṣẹ ọlọ́pàá. Bí ó bá jẹ́ ohun ìṣeré ni, wọn ì bá má ṣe bẹ́ẹ̀.

Òfin yàtọ̀ láti ilẹ̀ kan sí òmíràn, ohun tí mo kọ síbí kò sì lè rọ́pò ìkìlọ̀ tí àwọn aláṣẹ pápá bá fún yín lọ́jọ́ náà. Ibi tí wọ́n bá ta okùn sí ni kí ẹ dúró. Bí ẹ bá fẹ́ wọ inú okùn, ẹ kọ̀wé sí àwọn olùṣètò ṣáájú, bóyá wọn yóò gbà yín pẹ̀lú àwọn oníròyìn.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ọ̀rọ̀ fọ́tò. Ní ibi okùn, ẹ nílò lẹ́ǹsì tó lè dé 200 tàbí 300 mìlímítà. Ẹ háyà rẹ̀ fún òpin ọ̀sẹ̀ náà, ẹ má rà á. Ìyára 1/1000 ìṣẹ́jú-àáyá tó fún ẹṣin tó ń sáré. Iná ìbọn kò sí lọ́wọ́ ìyára, etí ló wà. Bí ẹ bá dúró de ìró kí ẹ tó tẹ kámẹ́rà, èéfín nìkan ni ẹ ó bá. Ẹ tẹ́tí sí ọ̀gá ọmọ ogun: àwọn Faransé máa ń pàṣẹ pé «Apprêtez armes! Joue! Feu!», àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì máa ń wí pé «Make ready! Present! Fire!». Bí ẹ bá ti gbọ́ «Joue» tàbí «Present», ẹ tẹ kámẹ́rà mọ́lẹ̀ kí ó máa yà léraléra títí ìbọn yóò fi dún. Ẹ wá ibi tí igi tàbí ohun dúdú wà lẹ́yìn àwọn ọmọ ogun, torí pé iná ìbọn kì í hàn lójú sánmà tó mọ́lẹ̀.

Kí ẹ tó yan ibi ìdúró, ẹ wo bí àwọn àsíá ṣe ń fẹ́, kí atẹ́gùn lè máa ti ẹ̀yìn yín wá, kí ó sì gbé èéfín lọ kúrò lọ́dọ̀ yín. Èéfín funfun máa ń tan kámẹ́rà jẹ. Yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò sì sọ àwòrán di ṣíṣú, nítorí náà ẹ fi bọ́tìnì +/- gbé ìmọ́lẹ̀ sókè díẹ̀, títí dé +1. Autofocus, ìyẹn ohun tí kámẹ́rà fi ń mú kí àwòrán já gaara fúnra rẹ̀, náà yóò máa ṣìnà nínú èéfín, ẹ gbé e lé fìlà ọmọ ogun kan tàbí ọ̀pá àsíá. Ẹ má tan fíláàṣì, ẹ má sì pààrọ̀ lẹ́ǹsì nínú èéfín, nítorí pé eérú ẹ̀tù máa ń fa omi mọ́ra, ó sì ń jẹ irin. Ẹ fi dúróònù sílẹ̀ ní ilé, torí òfin European Union kò gbà kí irú tí gbogbo ènìyàn ń rà fò lórí àpéjọ èrò.

Ní ayẹyẹ igba ọdún, ní alẹ́ ọjọ́ 19 àti 20 oṣù Kẹfà ọdún 2015, bíi 5,000 ènìyàn àti 300 ẹṣin ló wà lórí pápá. Ní àwọn ọdún mìíràn iye wọn máa ń kéré sí èyí gan-an, kò sì yẹ kí ìyẹn bà yín lọ́kàn jẹ́, nítorí pé ibùdó tí wọ́n ń sùn sí ni fọ́tò tó dára jù wà. Ẹ lọ síbẹ̀ ní àárọ̀, nígbà tí wọ́n bá ń dáná, tí wọ́n ń rán bọ́tìnì, tí wọ́n ń nu ìbọn. Lẹ́ǹsì kúkúrú tí ẹ ní lọ́wọ́ gan-an ló yẹ fún un. Ẹ kí wọn, ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó ya ẹnikẹ́ni, pàápàá àwọn ọmọdé, bí ẹ bá sì fẹ́ ta àwòrán náà, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣí Òkè Kìnnìún, òkè tí wọ́n mọ sórí pápá ogun náà tí ère kìnnìún wà lórí rẹ̀, sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ gun àtẹ̀gùn 226 rẹ̀ kí oòrùn tó mú, kí ọmọ yín lè rí gbogbo pápá náà láti òkè.

Nítorí ariwo ìbọn, ẹ ra ìbotí gidi fún ọmọ náà, irú èyí tí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gé igi ń lò. Òwú kò tó. Ẹ wọ bàtà òjò. Òjò tó rọ̀ mọ́jú ọjọ́ ogun ní 1815 sọ ilẹ̀ ibẹ̀ di ẹrẹ̀, àwọn oko yẹn sì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí di òní bí òjò bá rọ̀.