Súmó wo ló yẹ bóhòò Àkúrẹ́?

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń béèrè bóyá kóun ra súmó (ẹ̀rọ tí wọ́n ń rì sínú kànga láti fa omi) 1HP àbí 1.5HP sí bóhòò tuntun tóun gbẹ́ lọ́nà Ìdànrè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fún ẹnikẹ́ni lówó. HP, ìyẹn agbára mọ́tò ẹ̀, kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ béèrè. Ẹ béèrè pé lítà mélòó ni kànga yẹn lè pèsè ní wákàtí kan, àti pé ibo lomi ń wálẹ̀ dé tí wọ́n bá ti ń fà á.

Orí àpáta la wà ní Àkúrẹ́ yìí. Tiwa ò rí bíi tàwọn ará Èkó tó ń gbẹ́ inú iyanrìn, ibi tí àpáta ti sán lomi ti ń jò wá díẹ̀díẹ̀. Nílé wa ní Òkè-Àró, 1.5HP ni wọ́n gbé sí i, tó bá ti di ẹ̀ẹ̀rùn kì í pẹ́ tó fi máa fa omi tán, á wá máa fa afẹ́fẹ́, mọ́tò gbóná títí ó fi jó, wọ́n ra irú ẹ̀ míì, ìyẹn náà jó. Ìgbà tá a fa omi yẹn láàárọ̀ dalẹ́, tá à ń fi garawa wọn ohun tó ń jáde, la tó mọ̀ pé súmó tó kéré ló yẹ ẹ́. 0.75HP ló wà ńbẹ̀ báyìí, táǹkì ń pẹ́ kó tó kún, ṣùgbọ́n ó ń kún lẹ́ẹ̀rùn lójò.

Ẹ tún wo "max head" (ibi tó ga jù tó lè ti omi dé) tí wọ́n kọ sára súmó dáadáa. Tí wọ́n bá kọ 60m, ibi tómi ò ti ní jáde mọ́ rárá nìyẹn o! Ká ní omi yín ń wálẹ̀ dé mítà 30, tí orí táǹkì sì jẹ́ mítà 8 sókè, 38 nìyẹn, ẹ fi díẹ̀ kún un nítorí páìpù, kẹ́ ẹ wá wo ìwé súmó yẹn níbi mítà 42, lítà mélòó ló ń gbé jáde níbẹ̀? Iye yẹn ò gbọdọ̀ ju ohun tí kànga lè pèsè. 1HP méjì ò sì jọra, ọ̀kan lè gbé omi púpọ̀ kó má gòkè, kí èkejì gbé díẹ̀ kó sì gòkè dáadáa, èkejì yẹn ló bá ilẹ̀ wa mu.

Ti iná náà wà ńbẹ̀. Súmó máa ń fa iná gan-an tó bá fẹ́ gbéra, jẹnẹrétọ̀ "I pass my neighbour" ò lè gbé 1HP. Kí wọ́n sì so ohun tó máa pa á fúnra ẹ̀ tómi bá tán nísàlẹ̀ mọ́ ọn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ pé kò pọn dandan.

Tẹ́ ẹ bá ti wọn omi yẹn, ẹ kọ iye ẹ̀ síbí, màá bá yín ṣírò ẹ̀.