Wèrè ìdílé àti àyẹ̀wò jẹnotáìpù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Àbúrò mi ọkùnrin fẹ́ gbé ìyàwó. Nígbà tí a ṣèwádìí ilé wọn la gbọ́ pé ìyá ọmọbìnrin náà ní schizophrenia, irú wèrè kan. Baba oníṣègùn kan ní òun á bá wa já okùn wèrè náà kó tó di ọjọ́ ìgbéyàwó. Àbí kí wọ́n kọ́kọ́ lọ yẹ jẹnotáìpù wò?

Ìdáhùn: Ẹ má fún baba yẹn ní kọ́bọ̀. Jẹnotáìpù AA, AS, SS, ti fòníkú-fọ̀ladìde ni. Kò kan wèrè rárá, ó sì ti sú mi láti máa tún un sọ.

Èrò yín ni pé ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ní i ti jogún rẹ̀ tán. Irọ́ ni. Láàárín ará ìlú, nǹkan bí ẹnì 1 nínú 100 ló ń ní schizophrenia. Bí òbí kan bá ní i, ó lè tó ọmọ 10 nínú 100. Ewu náà pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn 90 yòókù ńkọ́?

Ẹ wo ọ̀kan lára àyípadà jíìnì tó lágbára jù tí a mọ̀ pé ó lè fa schizophrenia, 22q11.2 ni wọ́n ń pè é. Díẹ̀ ló já sọnù lára krómósómù kejìlélógún (krómósómù ni okùn inú ara tí àwọn jíìnì, ohun tí a ń jogún lọ́dọ̀ òbí, tò sí), ó sì kó jíìnì bíi 30 sí 50 lọ. Nǹkan bí ọmọ 1 nínú 4,000 ni wọ́n ń bí bẹ́ẹ̀. Bí òmíràn bá mu ọmú, wàrà á gba imú jáde, torí àjà ẹnu rẹ̀ kò pàdé dáadáa. Tó bá dàgbà, á máa ránmú sọ̀rọ̀. Ọkàn ẹlòmíràn lu. Kálísíọ̀mù a máa lọ sílẹ̀ lára wọn débi tí gìrì á fi gbé wọn.

Síbẹ̀, nǹkan bí 1 péré nínú 4 wọn ló ń ní schizophrenia tàbí irú rẹ̀ tí wọ́n bá dàgbà. Jíìnì kan náà ló sọnù lára àwọn 3 yòókù! Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, tó 9 nínú 10, bàbá wọn ò ní in, ìyá wọn ò ní in: inú ẹyin tàbí àtọ̀ ló ti já. Okùn ìdílé wo ni baba fẹ́ já níbẹ̀? Àmọ́ ẹni tó bá ti ní in, ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá bí lè gbà á tàbí kó má gbà á, ìdajì-ìdajì ni.

Ẹ má wá sọ pé òun ló ń ṣe ìyá ìyàwó o. Kì í sábà ju 1 lọ nínú 100 alárùn schizophrenia. N kò rí màmá náà, n kò sì lè fi lẹ́tà ṣàyẹ̀wò. Bó bá ń ránmú, tàbí tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún un ní kékeré, ẹ sọ fún dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀. Òun ló máa sọ bóyá àyẹ̀wò jíìnì yẹ. Bí kò bá sí èyí, ẹ ṣe ìgbéyàwó yín. Kí ìyàwó jìnnà sí igbó mímu. Bí oorun bá dá lójú rẹ̀ lọ́jọ́ kan tó ń dá ohùn tí ẹ kò gbọ́ lóhùn, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.