Géèmù tó ń fi iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì han ọmọ: ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó

Ẹ kú iṣẹ́ òbí o, mà. Mo ka ìbéèrè yín. Ẹ ní ọmọ yín obìnrin wà ní JSS3, wọ́n ti ní kó sọ kíláàsì tó fẹ́ wọ̀ ní SS1, ẹnìkan sì ní kí ẹ ra géèmù kan tó ń mú ọmọ rìn káàkiri inú iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá owó yín kò ní ṣòfò. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ níbí ní Òṣogbo, lápá Òkè-Fíà, irú géèmù bẹ́ẹ̀ sì ti gba ọwọ́ mi kọjá dáadáa, àti èyí tí a fowó rà àti èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ má tíì sanwó. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ọmọ máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nínú géèmù náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwòrán dókítà ló máa jáde, á ní ìtọ́jú aláìsàn niṣẹ́ òun, wọ́n á bi ọmọ ní ìbéèrè díẹ̀, wọ́n á fún un ní ìràwọ̀, ó di ọ̀dọ̀ ẹnjiníà nìyẹn. Kò ní pẹ́ tí ọmọ á fi parí ẹ̀. Tí ẹ bá wá bi í pé kí ni ẹnjiníà ń ṣe láti àárọ̀ di alẹ́, kò ní rí nǹkan kan sọ. Èyí tó dùn mí jù ni èyí tí a sanwó ẹ̀ lóṣooṣù: kò ṣeé ṣí láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ tí owó sì tán, gbogbo ohun tí àwọn ọmọ ti tò síbẹ̀ tì mọ́ wọn lójú.

Èyí tí èmi fi ń bẹ̀rẹ̀ báyìí ni PhET, àkójọ àwọn àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì tí ọmọ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lójú kọ̀ǹpútà. Carl Wieman, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2001, ló dá a sílẹ̀ ní yunifásítì Colorado lọ́dún 2002. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lè dáńlóòdù èyí tí ẹ fẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi fláàṣì gbé e sórí kọ̀ǹpútà míì, ọmọ á sì máa lò ó láìsí dátà. Kò pe ara rẹ̀ ní géèmù iṣẹ́, àmọ́ iṣẹ́ gan-an lọmọ ń ṣe nínú rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà lọ́dọ̀ wa tí kì í sọ̀rọ̀ rárá. Mo gbé èyí tó jẹ mọ́ iná mànàmáná síwájú rẹ̀. Ó so orí bátìrì mọ́ ìdí rẹ̀ tààrà láìfi gílóòbù sáàárín, ni iná bá sọ lójú kọ̀ǹpútà. Ó pariwo. Ó tú u, ó fi gílóòbù kan sí i, ó tàn. Ó to ìkejì tẹ̀lé e lórí wáyà kan náà, làwọn méjèèjì bá ń ṣe bàìbàì. Ó jókòó tì í, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan fún un, àfìgbà tó fa wáyà ọ̀tọ̀ fún gílóòbù kejì, tí méjèèjì sì mọ́lẹ̀ kedere. Ló bá yíjú sí mi: "Àǹtí, ṣé bí rewáyà ṣe ṣe tilé wa nìyí? Torí tí gílóòbù pálọ̀ bá jó, ti yàrá ṣì máa ń tàn."

Irú ìbéèrè yẹn ni kí ẹ máa ṣọ́. Tó bá ti jáde lẹ́nu ọmọ, ẹ pa kọ̀ǹpútà, kí ẹ mú un tọ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà lọ. Òṣogbo yìí náà ni ibi tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà wà, National Control Centre, ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú kò sì mọ̀. Mo bẹ ẹnjiníà kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Ó ní nọ́ńbà kan làwọn ń wò tọ̀sán tòru, 50: iná inú wáyà gbọ́dọ̀ máa lọ kó máa bọ̀ nígbà 50 ní sẹ́kọ́ńdì kan. Tí ohun tí ará ìlú ń lò bá ju ohun tí Kainji, Jebba àtàwọn ibùdó iná yòókù ń gbé wá, nọ́ńbà náà á máa wálẹ̀; bí wọn ò bá tètè mú iná àwọn àdúgbò kan lọ, gbogbo rẹ̀ lè dà wó. Ọmọbìnrin yẹn béèrè pé, "Ta ló ń yan àdúgbò tí wọ́n máa mú?" Ó tún béèrè ohun tí ọkùnrin náà kà nílé ìwé.

Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe èyí inú PhET tó ń wọn bí nǹkan ṣe kan tó, ìyẹn bí ásíìdì rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, bóyá kọfí, bóyá ọṣẹ. Ẹ̀yìn ìyẹn la lọ sọ́dọ̀ ìyá aláró kan, tó ṣàlàyé ìdí tí ẹlú kò fi ní yọ́ dáadáa láìsí omi eérú. Kẹ́místírì ni.

Tí bàbá wọn bá ní géèmù lásán ni, ẹ sọ ti Foldit fún wọn, géèmù tí èèyàn ti ń ká prótéènì títí yóò fi rí bó ṣe yẹ, tí yunifásítì Washington gbé jáde lọ́dún 2008. Lọ́dún 2011, àwọn tó ń gbá a ló tú àṣírí bí prótéènì kan (ensáìmù ni wọ́n ń pe irú rẹ̀) láti ara kòkòrò tó ń fa irú éèdì ti ọ̀bọ ṣe rí, èyí tó ti ń dá àwọn onímọ̀ láàmú fún ohun tó lé lọ́dún mẹ́wàá.

Ohun tí géèmù ilẹ̀ òkèèrè kankan ò ní sọ fún yín ni ti àwọn sọ́bújẹ́ẹ̀tì tí JAMB ń béèrè, ibẹ̀ ló sì ń dun àwọn ọmọ jù ní SS3. Ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: ti ẹnjiníà ni Máàtì, Físíìsì àti Kẹ́místírì; ti dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ni Bayọ́lọ́jì, Kẹ́místírì àti Físíìsì; ní ti kọ̀ǹpútà, Máàtì àti Físíìsì kò ṣeé yẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì wà nínú gbogbo ẹ̀.

Ẹ kọ iṣẹ́ tó ń wu ọmọ yín sábẹ́ ibí, màá bá yín wá ẹni tó ń ṣe é nígboro. Tí ẹ bá sì ní fláàṣì, ẹ gbé e wá, màá da PhET sí i fún yín. A kì í gbowó.