Ẹ wo orí, ẹ wo abẹ́ ìrù: bí a ṣe ń dá àwọn ẹ̀yà ẹyẹ bulbul mọ̀ yàtọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo ya fọ́tò ẹyẹ mẹ́ta, wọ́n sì sọ fún mi pé bulbul ni gbogbo wọn. Àkọ́kọ́ ní ìyẹ́ ṣóńṣó lórí, èkejì dà bí ẹni pé kò ní, ṣùgbọ́n abẹ́ ìrù àwọn méjèèjì pupa. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀kẹta funfun, abẹ́ ìrù rẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ ìyeyè. Ṣé akọ àti abo ló fa ìyàtọ̀ yìí ni, àbí ẹ̀yà wọn ni kò dọ́gba?

Ìdáhùn: Kì í ṣe ọ̀rọ̀ akọ àti abo rárá. Láàárín àwọn bulbul, àwọ̀ kan náà ni takọtabo máa ń ní, àfi pé akọ sábà máa ń tóbi ju abo lọ díẹ̀. Ẹ̀yà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ yà.

Ẹ̀yà tó wà nínú ìdílé ẹyẹ yìí lé ní àádọ́jọ (150), Áfíríkà àti Éṣíà sì ni ilé wọn. Ọrùn wọn kúrú, ìyẹ́ apá wọn kò gùn, ìrù wọn sì gùn díẹ̀. Nítorí pé ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju àwọ̀ ilẹ̀ tàbí àwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn lọ, ẹni tó bá ń fi ara ẹyẹ dá a mọ̀ yóò ṣì í mú. Orí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà abẹ́ ìrù.

Ẹyẹ yín àkọ́kọ́ ni Pycnonotus jocosus (orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún un nìyẹn). Ìyẹ́ dúdú orí rẹ̀ a dúró ṣánṣán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ funfun, àbàwọ́n pupa kékeré kan sì wà lẹ́yìn ojú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tí kò tíì dàgbà kì í ní àbàwọ́n yìí, pupa abẹ́ ìrù rẹ̀ kì í sì í tíì rẹ̀ dáadáa, èyí tó ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ̀yà mìíràn ni.

Èkejì, Pycnonotus cafer, ní ìyẹ́ orí, ṣùgbọ́n ó kúrú, ẹyẹ náà sì lè tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí débi tí ẹ kò fi ní rí i mọ́. Orí rẹ̀ dúdú, etí ìyẹ́ ara rẹ̀ sì mọ́ díẹ̀, tí ó fi dà bí ìpẹ́ ẹja. Bí ó bá ń fò lọ, ẹ ó rí funfun ní ìbàdí rẹ̀ àti ní ṣóńṣó ìrù. Orúkọ rẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín: Linnaeus, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó sọ ọ́ ní cafer (orúkọ tó ń tọ́ka sí gúúsù Áfíríkà) ní 1766, rò pé ibẹ̀ ni ó ti wá, bẹ́ẹ̀ ẹyẹ Éṣíà ni.

Ẹ̀kẹta lè jẹ́ ọ̀kan nínú méjì, nítorí náà ẹ tún fọ́tò yẹn wò. Bí ìyẹ́ àwọ̀ ilẹ̀ bá yọ ṣóńṣó lórí rẹ̀ tí ó sì tẹ̀ síwájú, Pycnonotus leucogenys ti agbègbè òkè Himalaya ni. Bí orí rẹ̀ bá dúdú tí kò sì ní irú ṣóńṣó bẹ́ẹ̀, Pycnonotus leucotis ni, èyí tó fẹ́ràn ilẹ̀ gbígbẹ.

Ibi tí a ti rí ẹyẹ náà ṣe pàtàkì púpọ̀. Pycnonotus capensis ti gúúsù Áfíríkà àti Pycnonotus xanthopygos ti Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn ni òrùka funfun yí ojú wọn ká, tí abẹ́ ìrù wọn sì jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, ṣùgbọ́n wọn kì í pàdé láéláé. Pycnonotus nigricans ló wà nítòsí capensis, òrùka ojú tirẹ̀ sì pupa. Pycnonotus barbatus, tó pọ̀ jù ní Áfíríkà, kò ní òrùka kankan. Orí rẹ̀ kàn dúdú ju ara rẹ̀ lọ ni.

Hypsipetes leucocephalus kò ṣòro: ara rẹ̀ dúdú tàbí ó dà bí eérú, orí àwọn kan funfun, ṣùgbọ́n àgógó ẹnu àti ẹsẹ̀ rẹ̀ pupa bí ata. Àwọn tó ń da àwa pàápàá láàmú ni àwọn aláwọ̀ ewé inú igbó kìjikìji Áfíríkà, irú bí Eurillas virens, tí wọn kò ní àmì kankan tó hàn. Ohùn wọn la fi ń mọ̀ wọ́n. Fọ́tò lásán kì í sábà tó.

Bí ẹ bá tún rí bulbul, ẹ ya á láti ẹ̀gbẹ́ kí orí lè hàn, kí ẹ sì tún ya á láti ìsàlẹ̀ nígbà tó bá wà lórí ẹ̀ka, kí abẹ́ ìrù má baà sápamọ́.